Ta Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Sọ Nínú Ilé?



Ní ìpàdé ẹ̀kọ́ kan níhìn-ín ní Boni, ní Ṣábẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. A ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà pípẹ́ pé kí wọ́n máa ṣàánú àwọn òbí wọn, kí wọ́n má ṣe le ọkàn sí ìyá tí ó bí wọn àti bàbá tí ó tọ́ wọn. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, báwo ni a ó ṣe ṣàánú ẹni tí a kò mọ ohun tí ń ṣe é? Bàbá mi kò bá mi sọ nǹkan kan rí, àfi 'ṣe èyí' àti 'má ṣe tọ̀hún'."

Àwọn kan nínú wa fẹ́ bínú. Wọ́n ní ọmọ ayé ìsinsìnyí ni, kò mọ bí a ti í bá àgbà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí olúkúlùkù bọ́ sùtánà rẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé wa rí. Bàbá da ikùn délẹ̀, ìyá da ikùn délẹ̀, ọmọ náà da tirẹ̀ délẹ̀, gbogbo wọn ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, ẹnìkan kò sì mọ ibi tí ó ń dun ẹnì kejì.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbà ilé máa sọ ìjàkadì tirẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀, tàbí kí ó gbé e mì, kí ó fi ẹ̀rín bò ó? Bí ó bá sì yẹ kí ẹnìkan la ẹnu, ta ni kí ó kọ́kọ́ là á? A ó sọ ohun tí a rò láìfi bò: àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn kan, nítorí ìtàn náà ni ó mú wa dé orí èrò yìí. Àwọn tí ó ni ín fún wa láyè, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ wọn, nítorí ilé wọn kò jìnnà, ẹnu ayé sì pọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀ lọ́jà ayé, iṣẹ́ ti wọ́n, ìlú ti le. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a lé, wọ́n tó mílíọ̀nù kan, ilẹ̀ wa yìí ni wọ́n sì gbà kọjá lọ sí Tógò àti sí ilé wọn. Àpò ńlá onílà tí a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Benin náà wà nínú àwọn tí a lé. Ẹ rò ó wò o: ènìyàn tí ó ti Ṣábẹ lọ, tí ó ń sọ Yorùbá, tí ó ní ìbátan ní òdìkejì ibodè, tí wọ́n jọ ń jẹ iyán kan náà, kò mọ̀ rárá pé àjèjì ni òun, àfi ọjọ́ tí rédíò sọ ọ́.

Ọkùnrin kan láàárín wa jẹ́ bíríkìlà ní Èkó nígbà náà. Ó sùn ní ibodè ní Kraké fún òru mẹ́ta nínú èrò. Rédíò kan tí ó fi owó ọdún kan rà, ibẹ̀ ni ó ti tà á, kí ó lè rí owó ọkọ̀ dé ilé. Ó dé Boni pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ yọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹrù ń bọ̀, ó ní, "Mo wá sinmi díẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó ba ilé náà jẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ọkùnrin náà kò sinmi. Ní àfẹ̀mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni tó jí, yóò ti lọ sí oko olóko ní ọ̀nà jíjìn, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, yóò máa ṣe àgbàṣe, yóò máa kọ ebè iṣu. Ní alẹ́ yóò padà dé, ara ń ro ó, ojú ń tì í, yóò sì fi ọwọ́ lílé dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ béèrè bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ó nà án. Kì í ṣe nínà kékeré. Ọmọ náà sì pinnu ohun kan lọ́kàn rẹ̀: bàbá mi lówó Èkó, ó kórìíra mi ni. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ó lọ, kò dágbére. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rí.

Nísinsìnyí ẹ wo bí Olúwa ti ń yí ayé po. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì tí a ń yọ́ kó wọlé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oníìrẹsì nìkan ni ó fara gbá a. Ọmọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti di bàbá ọmọ, ń ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní agbègbè Allada lọ sí Èkó. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dúró ní ibodè títí ẹrù fi jẹrà, omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Owó èsúsú àwọn ẹlòmíràn ni ó fi ra á. Ó padà wá sí Boni pẹ̀lú àpò kan. Nígbà tí bàbá rẹ̀ béèrè pé ṣé kò sí, ó dáhùn pé, "Kò sí nǹkan, Bàbá. Mo wá sinmi díẹ̀ ni."

Bàbá náà sọ fún wa pé ara òun gbọ̀n. Ó ní òun mọ ọ̀rọ̀ náà dájú, nítorí òun ni ó ni ín.

Fún ọjọ́ mẹ́ta ọmọ náà dùbúlẹ̀ nínú yàrá, kò jẹun dáadáa, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúrà, bàbá fa àpótí wọ inú yàrá náà, ó jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, ní ọdún 1983, èmi kò wá sinmi." Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: rédíò tí ó tà, òru mẹ́ta ní Kraké, ebè tí ó kọ ní oko olóko. Nígbà tí ó dé orí bàtà náà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá má béèrè." Bàbá dáhùn pé, "Rárá. Ó tọ́ kí o béèrè. Èmi ni mi ò dáhùn. Ọwọ́ tí mo sì fi nà ọ́, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí." Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

Ẹ kíyè sí i pé bàbá náà kò fi ìyà rẹ̀ dá ara rẹ̀ láre. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí. A máa ń sọ ìtàn ìyà wa fún àwọn ọmọ bí ẹni tí ń sin gbèsè: "Ẹ̀yin kò mọ ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó jẹun." Ìyẹn kì í ṣe ìfinúhàn, ìwé ẹ̀sùn ni. Ọmọ tí a ń sọ fún bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í ní àánú, ó máa ń di ẹni tí ń sá fún òbí rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń fi inú hàn ń sọ pé, ibí ni ó ti dùn mí, ibí ni mo sì ti ṣe ọ́ níbi nítorí pé ó ń dùn mí. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ó ṣòro láti sọ, òun gan-an ni ó sì ń la ọkàn ẹni tí ń gbọ́.

Àwọn kan yóò ní, àṣà òyìnbó ni ẹ fẹ́ kó wọlé yìí. Yorùbá kì í fi inú han ọmọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ẹ wo orúkọ tí a ń jẹ́. Ta ló sọ ọmọ ní Rẹ̀mílẹ́kún bí kì í bá ṣe ẹni tí ó ti sunkún? Ẹkúndayọ̀, Dúrójayé, Málọmọ́, Kòsọ́kọ́: kí ni gbogbo wọn bí kò ṣe ìjàkadì òbí tí a so mọ́ ọmọ lọ́rùn ní ọjọ́ kẹjọ, kí ó lè máa gbé e kiri títí yóò fi béèrè? Àwọn baba wa ti kọ́kọ́ sọ. Àwa ni a kò parí ọ̀rọ̀ náà. Olùdásílẹ̀ ìjọ wa, Samuel Biléwu Oshoffa, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947 tí ó sì sùn nínú Olúwa ní ọdún 1985, òun náà gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí orúkọ. Bàbá rẹ̀, Joseph, tí í ṣe káfíńtà, ti sin àwọn ọmọ kí ó tó bí i, ọmọbìnrin kan ni ó kù fún un. Nígbà tí ọkùnrin yìí dé, ó pè é ní Biléwu: bí ilé bá wù ọ́, jókòó tì wá. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ. Ọmọ tí ó bá mọ ìtumọ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé bàbá òun ti kúnlẹ̀ rí.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí àgbà kọ́kọ́ sọ nìyí: ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò lè kọ́kọ́ sọ láìsí ewu. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́, wọn yóò nà án. Bí ìyàwó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́, wọn yóò ní ó ń ráhùn. Àgbà nìkan ni ó lè sọ àìlera rẹ̀ kí ó má sì pàdánù àyè rẹ̀ lórí ẹní. Nítorí náà nígbà tí àgbà bá dákẹ́ tí ó sì ń sọ fún ọmọ pé "sọ òtítọ́ fún mi", ilé ọlọ́pàá ni ó sọ ilé rẹ̀ dà.

A rí èyí nínú Bíbélì, nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, ní orí kẹtàlá, ibi tí a kì í sábà kà nínú ìsìn nítorí pé ojú ń tì wá. Ámúnónì, àkọ́bí Dáfídì, fi ipá bá Támárì arábìnrin rẹ̀ lò. Ábúsálómù, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, sọ fún un pé kí ó pa ẹnu mọ́, ọ̀ràn ẹbí ni. Dáfídì gbọ́, ó bínú gidigidi. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kò sí nǹkan kan. Ọba tí ó mọ orin kọ, tí ó mọ àdúrà gbà, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ nínú ilé ara rẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko Ábúsálómù kò bá Ámúnónì sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú. Lẹ́yìn ọdún méjì, níbi àsè ìrẹ́run àgùntàn, Ábúsálómù ní kí àwọn ìránṣẹ́ òun pa Ámúnónì.

Kí ni ó di Dáfídì lẹ́nu? Bíbélì kò sọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé náà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó bá ọ̀ràn Ùráyà àti Bátíṣébà níbẹ̀. Lójú tiwa, ẹnu Dáfídì wúwo nítorí ọ̀ràn tirẹ̀. Ó ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, ó ti jẹ́wọ́ fún Nátánì wòlíì, kò sí ibì kan tí a ti kà á pé ó jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ká ní ó pe Ámúnónì ní ọjọ́ kan, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, tí ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi rí ohun tí kì í ṣe tèmi, mo sì mú un, wo ohun tí ó ná mi"! Bóyá Ámúnónì kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n Támárì ì bá mọ̀ ó kéré tán pé bàbá òun kò pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀ràn òun. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kíyè sí i: a ń gba ẹ̀bi wa níwájú pẹpẹ, a ń gbà á níwájú wòlíì, omijé ń bọ́ lójú wa, a sì ń padà lọ sílé lọ jókòó bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí.

Ẹ sì wo Hánà. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde. Élì àlùfáà, àgbà ilé Ọlọ́run, rò pé ó mu ọtí ni, ó sì bá a wí. Ojú ni ó fi wò ó. Nígbà tí obìnrin náà la ẹnu sọ pé ìbànújẹ́ ni ó wà nínú òun, ojú kan náà tí Élì fi kẹ́gàn rẹ̀ ni ó fi súre fún un. Kò sí ohun tí ó yí padà lára Hánà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, Élì ni ó mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan ń rò nísinsìnyí. Ẹ ní, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ní, àdúrà wa lójoojúmọ́ ni pé kí Olúwa bo àṣírí wa. Àmín. A kò gbógun ti àdúrà náà, a ń gbà á. Ṣùgbọ́n lójú ta ni a fẹ́ kí a bò ó? Nígbà tí Jósẹ́fù fẹ́ sọ ẹni tí òun jẹ́ fún àwọn arákùnrin rẹ̀, ó kọ́kọ́ lé àwọn ará Íjíbítì jáde, ó ku òun àti àwọn ọmọ bàbá rẹ̀. Ó bo àṣírí fún ìta, ó ṣí i fún ilé. Tiwa ti dorí kodò. Ọkùnrin yóò sọ ìṣòro rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu sódábì, obìnrin yóò sọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, ọmọ yóò sọ tirẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọn yóò sì padà wálé wá bo àṣírí fún ara wọn.

Àwa ìjọ náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. Ẹ̀rí tí a ń jẹ́, ẹ̀rí ẹni tí ó ti borí ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí àìsàn ti fi sílẹ̀ yóò dìde, ẹni tí ó ti rí iṣẹ́ yóò dìde, a ó ṣẹ́gi ọpẹ́, a ó jó. Ẹni tí ìjà rẹ̀ kò tí ì tán kò ní ọjọ́ kankan nínú ọ̀sẹ̀. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ tí ó sọ fún ẹnìkan ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ a ó ti máa gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Nígbà mìíràn a tún ń fi ìríran bò ó, a ó ní Ẹ̀mí ni ó fi hàn wá, nígbà tí ó jẹ́ pé ìyá àdúgbò ni ó sọ ọ́ fún wa. Ọlọ́run ń gbọ́. Ilé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di ìríran ní gbangba, ẹnu wọn kò ní là mọ́ láéláé, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ó tún ku ohun kan, òun sì ni àwọn ìyá béèrè lọ́wọ́ wa jù: ọmọ ọdún mélòó ni a lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún? A kò lè dá ọdún. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá tí ó ti mú ọmọ lọ sí odò rí ti mọ ìdáhùn náà. Ọmọ kékeré a máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, igbá kékeré ni ìyá ń bu fún un. Kì í gbé garawa lé e lórí, nítorí ọrùn rẹ̀ yóò ṣẹ́. Kì í sì í ní kí ó máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo, nítorí yóò rò pé omi a máa wá sínú ìkòkò fúnra rẹ̀.

A mọ ìyá kan tí ó ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1989. Àwọn tí ó gbọ́n nígbà náà yóò rántí. Ìjọba kò rí owó oṣù san, oṣù ń gorí oṣù, àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba ti dojú dé pẹ̀lú owó àwọn ènìyàn nínú, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ títí ọdún ẹ̀kọ́ náà fi di òfo. Ọkọ obìnrin yìí jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, obìnrin náà yóò tẹ́ ẹní, yóò pe àwọn ọmọ, yóò da owó tí ó kù sílẹ̀, yóò kà á lójú wọn: èyí ni ti àgbàdo, èyí ni ti epo, èyí ni ti ọṣẹ, kò kù mọ́. Kò sọ fún wọn pé olówó ilé ń halẹ̀ láti lé wọn jáde. Ìyẹn, garawa ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé e. Àkọ́bí sunkún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a kò ní sọ pé kò sunkún. Ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú wọn kò sọ láé pé ahun ni bàbá òun.

Èyí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ìyá mìíràn ń ṣe, tí wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ bàbá jọ sọ fún ọmọ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe pínpín ìṣòro. Ọmọ ogun ni ẹ ń kó jọ. Àwọn bàbá náà ń ṣe é, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àgbà tí ó bá sì fẹ́ sọ tirẹ̀, kí ó ṣọ́ra kí ẹkún tirẹ̀ má gba ibi tí ó yẹ kí ẹlòmíràn ti sunkún. Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, ní ìlú East London ní Gúúsù Áfíríkà, Desmond Tutu, bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ni alága ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí ìyà jẹ lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ ẹnìkan ká a lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé orí lé tábìlì, tí ó sunkún níwájú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ó pinnu pé òun kò ní máa sunkún níbẹ̀ mọ́, nítorí ojú gbogbo ènìyàn ti kúrò lára ẹni tí ìyà jẹ, ó ti wá sára òun. Bàbá tí ó bá sọ ìtàn rẹ̀ tán, tí ó wá jẹ́ pé ọmọ ni ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ti ọmọ kò sì jáde lẹ́nu rárá, kò tí ì ṣe ohun tí a ń sọ. Kí ó sọ díẹ̀, kí ó dákẹ́, kí ó fi etí sílẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé kí ni ó ti wá ṣẹlẹ̀ sí bàbá àti ọmọ tí a sọ̀rọ̀ wọn. Owó ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò padà. Ọmọ náà san gbèsè èsúsú náà díẹ̀díẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó tán. Ibodè ṣí, kò padà sí òwò náà. Oko kajú bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ro. Ẹ má rò pé gbogbo ìjà tán nílé náà o. Ní ọjọ́ kan tí a kọjá, a gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti ojú ọ̀nà, lórí ọ̀rọ̀ ọkọ́ kan tí ẹnìkan gbàgbé sí oko.

Ṣùgbọ́n bàbá náà sọ èyí fún wa. Ní alẹ́ kan tí wọ́n ń múra àdúrà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá dúró tì í, ó ní, "Bàbá àgbà, rédíò tí ẹ tà ní Kraké, ta ló rà á?" Ó yà á lẹ́nu, nítorí kò sọ ọ́ fún ọmọ náà, bàbá ọmọ ni ó ti sọ ọ́ fún un. Ó ní ọkùnrin kan tí ó wọ fìlà pupa ni. Ọmọ náà ní, "Ṣé ó bá yín náà owó rẹ̀ dáadáa?" Ó ní rárá, kò bá òun náà á dáadáa. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ mọ iye tí ó san, àwọ̀ tí rédíò náà ní, àti bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Àdúrà ọjọ́ náà pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.